Omi Ojú Ìyàwó Mi

Ẹni tó bá rí ìyàwó mi lọ́dún tó kọjá, á rò pé mò ń nà án ni. Bó bá ti jí, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀, omi ń bọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, bó bá gbé oúnjẹ wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun fún àwọn ọkùnrin àdúgbò, àwọn oníbàárà mi á wò ó, wọ́n á wò mí, wọ́n á sì dákẹ́ bí ẹni tí abẹ wà lọ́rùn rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, abẹ mi wà lọ́rùn àwọn kan nínú wọn lásìkò yẹn.

Ìyá Onílé, opó tó ni ilé tí à ń gbé, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ó pè mí sí abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ní, "Bàbá, ayé yìí, ẹ̀sọ̀ ló gbà o. Obìnrin tó ń tọ́jú yín bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ wá ń pa á lẹ́kún látàárọ̀ ṣúlẹ̀?" Mo ní kí ni mo ṣe? Ó ní òun ò bá mi jà, òun kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé ògiri létí. Mo ṣàlàyé fún un pé ojú ló ń dun ìyàwó mi. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n, ojú," ó sì gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ.

Ó rẹ̀ mí. Kí n má parọ́, ó rẹ̀ mí ju bó ṣe yẹ lọ, torí mi ò rí oorun sùn mọ́. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Ìyàwó mi ni ojú, èmi ni imú. Á jí, á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú, á ní ó dà bíi pé wọ́n bu yanrìn sí òun lójú. Màá ní kó yéé ra á. Á ní ṣé ojú mi ni? Báyìí la ṣe ń bá ara wa fà á, àwa tí a ti tọ́mọ jáde nílé, tó yẹ ká máa sinmi.

Kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún yín, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìgò ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ìgò bá ti jáde nínú iná, tó sì ti tutù, bẹ́líìtì á máa gbé e kọjá níwájú pátákó funfun kan tí iná wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú pátákó yìí, iṣẹ́ wọn ò sì ju kí wọ́n máa wo ìgò lọ. Ìgò tó bá sán, tí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, tí ìdọ̀tí bá há sínú rẹ̀, wọ́n á fà á yọ. Ìgò ò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀kan ti ń lọ lòmíràn ń bọ̀, wéréwéré, títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àṣà kan wà lórí bẹ́ǹṣì yìí tí ẹ ò ní bá níbòmíràn: wọn kì í ṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ẹni tuntun nìyẹn. Wọ́n á ní ojú tó bá ṣẹ́ ni ìgò tó sán ń gbà kọjá. Wọ́n á ní kó tẹjú mọ́ iná títí omi á fi bọ́, bí omi bá bọ́ tán, kó tún tẹjú mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán, wọ́n á máa fi ṣeré, kí wọ́n wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Wọn ò borí ìyàwó mi rí. Ìyá Ojú ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà bí ẹni jẹ oyè. Nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ sọ́nà, bó ṣe máa ń wò mí láìṣẹ́jú yẹn, mo rò pé ìfẹ́ ni. Iṣẹ́ ni, ẹ̀yin ará.

Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, wọ́n wá gbé fáànù ńlá kan síwájú bẹ́ǹṣì, ó ń fẹ́ sí wọn lójú tààrà. Èyí tó tún wá burú ni ti ẹnu géètì. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tí wọ́n sọ ní Wò-mí-lójú, á dúró síbẹ̀ láràárọ̀, á ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan wo òun lójú. Bí ojú rẹ kò bá funfun, o ò sùn nìyẹn, tàbí o mutí. Padà sílé. Ni gbogbo wọn bá ń ra oògùn kan báyìí tó ń sọ ojú pípọ́n di funfun. Wọ́n á dúró sábẹ́ igi tó wà níwájú géètì, wọ́n á gbójú sókè bí adìyẹ tó ń mumi, wọ́n á kán oògùn sí i, wọ́n á sì wọlé pẹ̀lú ojú tó funfun báláú.

Wò-mí-lójú tún ní ọgbọ́n kan lápò. Á mú ìgò tó ti sán, á fi ọ̀dà sàmì sí ìdí rẹ̀, á yọ́ ọ sáàárín àwọn yòókù lórí bẹ́líìtì. Bí ìgò alámì yìí bá kọjá lójú rẹ, o gba ìkìlọ̀. Bó bá tún kọjá lẹ́ẹ̀kejì, o kúrò lórí bẹ́ǹṣì, o di ará yàrá páálí, níbi tí wọ́n ti ń ká páálí tí wọ́n á kó ìgò sí. Kò sẹ́ni tó ti yàrá páálí padà sórí bẹ́ǹṣì rí. Lọ́dún tó kọjá yìí, ìgò alámì kọjá lójú Ìyá Ojú, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó ní omi ló bo òun lójú, tí ìgò kan ṣoṣo wá ń yọ bíi méjì.

"Bó bá tún ṣẹlẹ̀ sí mi, ó parí nìyẹn," ló sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Jẹ́ ká lọ rí dókítà."

"Kí wọ́n lè gbọ́ níbi iṣẹ́ pé ojú Ìyá Ojú ti bàjẹ́?"

"Wọ́n á kúkú gbọ́ lọ́jọ́ tí o bá ń fọwọ́ wá géètì."

Ó pòṣé. Ó ní ẹnu mi mú ju abẹ mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló padà gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, láìmọ̀. Awakọ̀ tírélà ni, ó sì tóbi bíi tírélà rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó ròyìn fún un, ṣùgbọ́n mo fura sí ẹni tó gun àtẹ̀gùn lọ. Ó dé lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó jókòó, kò gba omi tí a gbé fún un. Ó ní, "Àna, mo gbọ́ pé àbúrò mi ń sunkún nílé yín." Ọ̀rọ̀ náà pa ìyàwó mi lẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀ wàrà wàrà, ó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn, kò sóhun tó ń ṣe mí." Ẹ̀gbọ́n wo omi ojú, ó wo ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín, ó wá yíjú sí mi. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ náà, ọ̀tá mi ni kó rí i. Ká tó rojọ́ tán fún un, ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́.

Nígbà tó lọ tán, ìyàwó mi ní, "Ó dáa, màá lọ. Kì í ṣe torí ojú mi o. Torí tiyín ni, kí wọ́n má bàa pa yín sí mi lọ́rùn."

Dókítà ojú tí a lọ rí kéré sí àkọ́bí wa lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ sì ti há bíi ti ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà látàárọ̀. Ó kán omi kan tó láwọ̀ ìyeyè sójú ìyàwó mi, ó ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kó tẹjú mọ́ iná, kó má ṣẹ́jú. Inú ìyàwó mi dùn. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé ni wọ́n ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí dókítà fi mí kanlẹ̀, tó fà sẹ́yìn.

"Ìyá, ojú yín gbẹ."

"Kí ló gbẹ?"

"Ojú yín, mà."

Ìyàwó mi na áńkáṣífì rẹ̀ sí i. "Dókítà, ẹ gbà, ẹ fún èyí wò. Ẹ wá sọ fún mi pé ojú tó rẹ aṣọ báyìí gbẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, ó fi ìgúnpá gbá mi. Dókítà ò bínú. Ó ní omijé kì í ṣe omi lásán, òróró kan wà lórí rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí kì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Etí ìpéǹpéjú ni òróró náà ń gbà jáde, láti inú àwọn ihò kéékèèké, bí èèyàn bá sì ń ṣẹ́jú ló ń fún un jáde. Bí èèyàn ò bá ṣẹ́jú, òróró á dì sínú ihò, omi ojú á gbẹ kíá, ojú á máa ta èèyàn. "Ojú á wá figbe ta," ó ní, "omi á sì ya dé bí àwọn tó sáré wá pa iná. Ṣùgbọ́n omi ìkánjú nìyẹn. Kò lóròóró, kò lè dúró lójú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń bá lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń nu omi, tí ojú sì ń gbẹ."

Ó yé mi. Ẹni tó bá ń fomi nìkan pa irun láìfi òróró sí i, kí ọjọ́ tó kanrí, irun náà á ti le bíi kànìnkànìn. Ṣùgbọ́n mo dákẹ́, torí kò sẹ́ni tó bi mí.

Dókítà bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìyàwó mi sọ ọ́. Dókítà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kì í ṣẹ́jú?"

"A kì í ṣẹ́ ẹ," ni ìyàwó mi wí, ó sì nàró lórí àga bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi oyè dá lọ́lá.

Nígbà tí dókítà gbọ́ ti oògùn tó ń sọ ojú di funfun, ó ní kó lọ jù ú nù. Ó ní ṣe ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí agbára rẹ̀ bá lọ, ojú á tún pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó kọ omijé àtọwọ́dá fún un, èyí tó wà nínú ike kéékèèké tí èèyàn ń já lórí, tó ń kán, tó sì ń jù nù. Ó ní kó máa fi aṣọ gbígbóná lé ìpéǹpéjú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí òróró tó dì lè yọ́, kó fọwọ́ rọra fún un, kó gbójú kúrò níwájú fáànù, kó sì máa ṣẹ́jú.

"Títí di ìgbà wo?" ni ìyàwó mi bi í.

"Títí lọ, mà. Bíi fífọ eyín ni. A ò lè ní a ti fọ̀ ọ́ lánàá, ó ti tó."

A wọkọ̀ padà sílé. Ohun tí èèyàn ń fẹ́ lọ́wọ́ dókítà ni oògùn tí yóò lò tán. Títí lọ yẹn wúwo lórí mi bí ẹrù.

Ti aṣọ gbígbóná kò ṣòro fún mi, iṣẹ́ mi ni. Ẹni tí mo bá fẹ́ fá irùngbọ̀n rẹ̀, táwẹ̀lì gbígbóná ni mo kọ́kọ́ ń fi bo ojú rẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fún un kó má kán, bí wọ́n ṣe ń fi inú ọrùn-ọwọ́ wò ó kó má jó èèyàn, bí wọ́n ṣe ń ká a kí ooru rẹ̀ pẹ́. Ìyàwó mi á dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, màá tẹ́ ẹ lé e lójú. Á ní, "Ẹ̀yin, ẹ̀ ń ṣe báyìí fún gbogbo ọkùnrin àdúgbò, ọdún mélòó la ti fẹ́ra, èmi ò rí i gbà rí." Òótọ́ ni. 

Ṣíṣẹ́jú ló pa wá. Ẹ ò lè gbà gbọ́ pé èèyàn lè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́jú. Ìpéǹpéjú rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, á tún sáré padà sókè, bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó há. Dókítà ní ó gbọ́dọ̀ délẹ̀, kí ti òkè kan ti ìsàlẹ̀. Mo wá di olùkọ́ ojú. A ń jẹun, màá ní, "Ṣẹ́jú!" Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, "Ṣẹ́jú! Jẹ́ kó délẹ̀!" Ó ní bí òun bá kú, kí n jọ̀ọ́, kí n má wá pariwo ṣẹ́jú sí òun létí.

Síbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, èmi náà sì ń sùn. Mo rò pé a ti ń gun òkè náà dé orí. Àfi ìgbà tí a padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, tó tún kán omi ìyeyè, tó wò ó, tó tún un wò.

"Ìyá, ẹyinjú yín ti ń họ. Ṣé ẹ̀ ń ṣẹ́jú níbi iṣẹ́?"

Ìyàwó mi wo ilẹ̀.

"Bí egbò bá ta síbẹ̀," ni dókítà wí, "ó lè san, ṣùgbọ́n àpá ló máa fi sílẹ̀. A kì í fi àpá ríran, mà."

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni mo ti bínú. Ìyàwó mi ní nílé nìkan lòun ti ń ṣẹ́jú. Ó ní òun ṣì ń kán oògùn funfun lábẹ́ igi. Mo ní, "Àṣé agbọ̀n ni mo fi ń pọnmi látọjọ́ yìí!" Àwọn tó jókòó yí ojú sí wa. Kò bá mi pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin, bí ẹ bá ṣi abẹ gbé, ẹ lè bẹ oníbàárà. Ìgò ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bí mo bá ṣẹ́jú, wọ́n á gba bẹ́ǹṣì lọ́wọ́ mi. Bí mi ò bá ṣẹ́jú, ojú á lọ. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn nìkan ni wọ́n ti ń pè mí ní nǹkan. Ó dáa, ẹ sọ èyí tí màá ṣe."

Mo ní, "Ṣẹ́jú."

 Ó ní, "Ó dáa."

Lọ́jọ́ kejì, ó ju oògùn funfun nù, ó gbé ojú pípọ́n lọ bá Wò-mí-lójú lẹ́nu géètì.

"Mọ́mì, kí ló pọ́n ojú yín báyìí?"

"Ó gbẹ ni."

Omi sì ń bọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá jẹ́ kó wọlé, torí kò rí ẹni tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ra awò ojú lásán kan kí atẹ́gùn fáànù má bàa máa wọ̀ ọ́ lójú, ó sì ń ṣẹ́jú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Ìyá Ojú ti ń tòògbé o!"  Ó ń fa ìgò tó sán yọ, ó ń ṣẹ́jú, ó tún ń fà á yọ. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ láìsí oògùn géètì. Dókítà wò ó, ó ní híhọ náà ti ń jinná. Inú mi dùn débi pé mo kí Ìyá Onílé lórí àtẹ̀gùn.

Lọ́jọ́ kan, mò ń fá irùngbọ̀n télọ̀ tó wà ní òdìkejì òpópónà. Apá kan ti mọ́, ọṣẹ ṣì wà ní apá kejì. Mo gbójú sókè, mo rí ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà, lásìkò tó yẹ kó wà níbi iṣẹ́. Ìrọ̀rí tó máa ń fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ọwọ́ mi dúró lórí abẹ.

Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó gbé ìrọ̀rí lé itan.

"Yàrá páálí ni, láti ọ̀la lọ," ó ní.

"Ìgò alámì?"

"Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo dì í kó délẹ̀, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo fi máa ṣí i, Wò-mí-lójú ti mú ìgò náà dání lódìkejì."

Bí ẹ ṣe kọ́ mi. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí wọra. Mo fẹ́ sọ fún un pé ojú ju bẹ́ǹṣì lọ, pé ojú lọba ara, gbogbo ohun tí èèyàn ń sọ. Mi ò tíì rí èyí tí màá sọ nínú wọn tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀, èyí ọ̀tún, èyí òsì, wàrà wàrà bíi ti àtijọ́.  Mo fi télọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ rẹ̀. Mo fa táwẹ̀lì yọ nínú omi gbígbóná, mo já orí ike omijé kan, mo sáré bá a.

"Gbójú sókè. Rọra gbé e sókè."

Ó fọwọ́ ti ọwọ́ mi sẹ́yìn.

"Kì í ṣe àìsàn yẹn," ó ní. "Ẹkún ni mò ń sun. Ẹ jẹ́ n sun ún."

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń sọ fún onílé, fún àna, fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè, pé ìyàwó mi ò sunkún. Mo gbé táwẹ̀lì kalẹ̀. Mo jókòó tì í lórí àga àwọn oníbàárà. Télọ̀ yíjú sí ògiri, ọṣẹ ń gbẹ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Mi ò nu omi náà. Mo kàn ń wo ojú ìyàwó mi, mo sì rí i pé ó ń ṣẹ́jú dáadáa, ó ń délẹ̀, ti òkè ń kan ti ìsàlẹ̀.